Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Oníṣègùn Ran Aláìsàn Lọ́wọ́ Láti Kú?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí kì yóò kàn ní ọjọ́ kan. Bí ìwòsàn kò bá sí mọ́ fún aláìsàn kan, tí ìrora ń jẹ ẹ́ tọ̀sán tòru, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí fún oníṣègùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ohun tí n ó mu kí n lè sinmi," ǹjẹ́ ó tọ́ kí òfin gba oníṣègùn náà láyè láti fi fún un?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ìbéèrè yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń sọ láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Ilé àwọn Aṣojú ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò lórí àbá òfin kan tí Kim Leadbeater, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé náà, mú wá. Ẹni 330 gbà á, ẹni 275 kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó tún padà wá sí iwájú wọn ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, ọdún 2025, àlàfo tí ó wà láàárín wọn ti dín kù: 314 ní ọwọ́ kan, 291 ní ọwọ́ kejì. Láti ibẹ̀ ni a gbé e lọ sí Ilé àwọn Olóyè, níbi tí wọ́n ti kó àbá àtúnṣe tí ó ju 1,000 lọ lé e lórí.

Kí àbá náà má ba à dàbí ohun tí a fi ẹ̀tanú ròyìn, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó wí. Ẹni tí ó bá ti tó ọmọ ọdún 18, tí orí rẹ̀ pé, tí àwọn oníṣègùn sì rò pé kì yóò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé, ni ó lè béèrè. Oníṣègùn méjì yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àyẹ̀wò kejì kò sì gbọdọ̀ wáyé kí ọjọ́ méje tó pé lẹ́yìn ti ìṣáájú. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, tí amòfin àgbà kan, oníṣègùn ọpọlọ kan àti òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìdílé kan wà nínú rẹ̀, yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 14 mìíràn yóò kọjá kí a tó gbé oògùn wá, àfi bí ikú bá ti kan ilẹ̀kùn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò lo oògùn náà. Oníṣègùn kò gbọdọ̀ lò ó fún un. Oníṣègùn tí ọkàn rẹ̀ kò sì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì yóò ṣe é ní dandan. Ẹ ó rí i pé àwọn tí ó kọ ọ́ ronú jinlẹ̀.

Àwọn kan rò pé ayé òde òní ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1935 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá irú òfin báyìí. Killick Millard, oníṣègùn tí ń bójú tó ìlera ìlú Leicester, ni ó ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ọdún 1936, Lord Ponsonby gbé àbá wọn dé iwájú àwọn Olóyè. Wọ́n jiyàn lé e lórí, nígbà tí a sì ka ìbò, ẹni 14 gbà á, ẹni 35 kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dìde láti kọ̀ ọ́ ni Lord Dawson, oníṣègùn tí ń tọ́jú ọba. Kò kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ka nǹkan náà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé àwọn oníṣègùn rere ti ń mú kí ikú rọ aláìsàn lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú díẹ̀, àti pé kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ́n àti ẹ̀rí ọkàn wọn, kí òfin má ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwọn tí ó gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà kò mọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà ni Ọba George Karùn-ún wàjà ní ilé rẹ̀ ní Sandringham, Dawson ni ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, ó kọ ìkéde kúkúrú kan tí rédíò gbé káàkiri, pé ọba ń lọ ní àlàáfíà. Ohun tí ayé kò gbọ́ ni pé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́ náà, ó gún ọba ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì àti ti kokéènì sínú iṣan ọrùn. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ kò ní ìfàyàbalẹ̀ sí i, nítorí náà oníṣègùn náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọba fi dákẹ́. Èyí kì í ṣe àhesọ. Dawson fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1986 kí ó tó hàn sí gbangba, nígbà tí Francis Watson, ẹni tí ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìmẹ́nu kàn án, tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kò sí ibì kan nínú àkọsílẹ̀ náà tí a ti rí i pé ọba béèrè ikú. Ó ti ń sùn lọ, kò mọ ohun tí ń lọ mọ́. Ọ̀kan nínú ìdí tí Dawson sọ, láìfi bò, ni pé ó fẹ́ kí ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn òwúrọ̀ tí ó kà sí ọlọ́lá, kì í ṣe nínú ti ìrọ̀lẹ́. Ó ti ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí ó sọ fún ilé ìwé ìròyìn Times kí wọ́n dá ìtẹ̀wé dúró díẹ̀. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn kò lè ka èyí láìmi orí. A mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí a ń dúró de ìròyìn kan kí a tó ti ìwé sí abẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ rí pé ẹnikẹ́ni dá wákàtí ikú nítorí tiwa.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nínú ìtàn yìí ni pé Dawson kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò kórìíra ọba. Kò sí ogún tí yóò pín níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹni tí ń bẹ lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀, kò fẹ́ kí ọ̀nà náà gùn jù fún gbogbo wọn, ní ẹ̀gbẹ́ ìfẹ́ yìí ni ohun tí ó rọrùn fún àwọn ẹlòmíràn sì ti wọlé jẹ́jẹ́ tí ó jókòó. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní yàrá ọba tí gbogbo ayé ń wò, kí ni a ó sọ nípa ibùsùn tí ó wà ní ìkángun yàrá ńlá, níbi tí arúgbó kan wà tí kò ní ọmọ nítòsí?

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìtàn yìí gbè. Àwọn tí ń wá òfin tuntun máa ń tọ́ka sí i pẹ̀lú pé: ẹ wò ó, nǹkan yìí ń ṣẹlẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ tẹ́lẹ̀, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí, láìbi aláìsàn léèrè, kò ha sàn kí ó bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ níbi tí adájọ́ lè rí i? Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwọ̀n ni. Ní ọdún 1957, nígbà tí a fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan oníṣègùn kan tí ń jẹ́ John Bodkin Adams, Adájọ́ Devlin ṣe àlàyé kan tí àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kò gbàgbé mọ́: pé oníṣègùn lè ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ láti mú ìrora kúrò, bí ó tilẹ̀ ṣèèṣì gé ẹ̀mí kúrú. Adams lọ lómìnira. Ìyàtọ̀ tí adájọ́ náà fà, láàárín ẹni tí ń lépa ìrora àti ẹni tí ń lépa ẹ̀mí, tọ́ ní ojú wa; ṣùgbọ́n ta ni ó lè wo inú ọkàn oníṣègùn ní òru láti mọ èyí tí ó ń lépa?

Bákan náà ni a kò gbọdọ̀ fi ojú aláìbẹ̀rù Ọlọ́run wo àwọn tí ń béèrè. Ní ọdún 1961 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí kíka ìpara-ẹni sí ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ sí i. Ní abẹ́ òfin yìí ni Diane Pretty ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Àìsàn tí ń pa iṣan ara ti mú un débi pé kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé yóò kú bí ẹni tí a fún lọ́rùn. Gbogbo ohun tí ó sì béèrè ni pé kí a má fi ọkọ òun sẹ́wọ̀n bí ó bá ran òun lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, àwọn náà kọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2002. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kú. Ẹni tí ó bá ka ìtàn obìnrin yìí tí kò mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Àwọn mìíràn tí wọ́n ní owó a máa wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Switzerland, níbi tí òfin kò ti fi ìyà jẹ ẹni tí ó ṣe irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá ti ṣe é nítorí èrè ti ara rẹ̀. Olówó ń rí ọ̀nà gbà, tálákà jókòó; èyí náà kò dára.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbé wa lọ́kàn jù wà ní Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, àwọn ará ìlú dìbò fún irú òfin yìí ní ọdún 1994, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997. Ìjọba ibẹ̀ a máa tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún nípa ìdí tí àwọn aláìsàn ń sọ. Ẹni tí kò bá kà á yóò rò pé ìrora ni yóò ṣáájú. Kì í ṣe òun. Ohun tí ó ń ṣáájú ni pé wọn kò lè darí ara wọn mọ́, àti pé àwọn ohun tí ń mú ayé dùn mọ́ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrora wà ní ìsàlẹ̀. Ní àárín wọn ni ìdí kan wà tí nǹkan bí mẹ́rin nínú ẹni mẹ́wàá ti sọ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí: pé wọ́n ti di ẹrù fún àwọn ará ilé wọn, tàbí fún àwọn tí ń tọ́jú wọn. A kò sì gbọdọ̀ fi ohun mìíràn pamọ́ tí ìròyìn kan náà fi hàn, pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta tí ó gba oògùn náà kì í lò ó. Ó wà nínú àpótí wọn títí ikú fi wá fúnra rẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, mímọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ti tó. Wọn kò fẹ́ gba ibẹ̀ jáde.

Ẹrù! Ìyá wo ni ó wà láàárín wa tí kò tíì sọ ọ́? "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti di ẹrù fún yín." Ọmọ tí ó gbọ́n a sì dáhùn pé, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," nítorí ó mọ̀ pé ìyá òun kò béèrè ikú; ó ń béèrè bóyá òun ṣì jẹ́ ẹni tí a fẹ́. Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí wa, nítorí náà ni wọ́n ṣe wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìbẹ̀rù wa ni èyí: ní ọjọ́ tí òfin bá gbé oògùn náà kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá náà yí padà. Ìbéèrè tí kò ní ju ìdáhùn ìfẹ́ kan lọ tẹ́lẹ̀ ti di ìbéèrè tí a lè fi ìwé dáhùn. Oníṣègùn méjì lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò kí wọ́n sì rí i pé ó pé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta lè bi í bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un, yóò sì wí ní òtítọ́ pé rárá. Ta ni yóò rí owó ilé tí kò tíì san, tàbí bí ọmọ rẹ̀ ti ń wo aago nígbà tí ó bá wá kí i?

Àwọn kan yóò rán wa létí pé Yorùbá kan náà ni ó wí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sín tí àwọn àgbà ń sọ ni ti ẹni tí ó ṣe ohun ìtìjú, tí kò lè gbé ojú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Ẹni tí a ń wẹ̀, tí a ń fún ní oúnjẹ, kò ṣe ohun ìtìjú kankan.

Ìbẹ̀rù mìíràn ni ti ààlà tí ń sún. Ní Netherlands, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 kò béèrè pé kí ikú sún mọ́ tòsí; ó tó kí ìyà náà má ṣe é fara dà kí ìrètí àtúnṣe má sì sí, oníṣègùn fúnra rẹ̀ sì lè gún abẹ́rẹ́ náà. Ní Kánádà, ọdún 2016 ni òfin bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí ikú wọn ti ń bọ̀. Ní ọdún 2021 a ti ṣí i fún àwọn tí ikú wọn kò sí nítòsí. Oregon ní tirẹ̀ dì mọ́ oṣù mẹ́fà, nítorí náà a kò wí pé ààlà gbọdọ̀ sún níbi gbogbo. Kánádà fi hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀, ọdún márùn-ún péré ni ó sì gbà.

Nígbà tí àwọn olóyè ń jiyàn ní ọdún 1936, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, Cicely Saunders ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà mọ́, ó di òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1948 ó tọ́jú ọkùnrin Júù kan láti Poland, David Tasma, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ láìní ìdílé, ọkùnrin náà sì fi £500 sílẹ̀ fún un kí ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé kan tí ó ti ń lá àlá rẹ̀. Ó padà sí ilé ìwé, ó di oníṣègùn ní ọdún 1957. Ní ilé ìtọ́jú St Joseph's ní Hackney, ó rí ohun kan tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yani lẹ́nu pé a kò ti mú un lò níbi gbogbo: kí a má dúró de ìrora kí aláìsàn tó ké, kí a fún un ní mọ́fíìnì ní wákàtí rẹ̀, kí ti ìṣáájú tó tán lára rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà ń bẹ̀rù pé yóò sọ wọ́n di ẹrú oògùn. Ó rí i pé àwọn tí ó ń tọ́jú jókòó, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1967 ó ṣí ilé St Christopher's ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láti ibẹ̀ sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní hóspíìsì, ti tàn káàkiri ayé. Ó kọ òfin ìrànlọ́wọ́ ikú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ mú òun náà, inú ilé tí ó dá sílẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 2005.

A kò ní sọ fún yín pé hóspíìsì ń mú gbogbo ìyà kúrò. Kì í mú un kúrò, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí a kò tíì fún ní mọ́fíìnì kò tíì yan ikú. Ó sá fún iná ni.

Èyí ni ó sì mú ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ wa. Ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún láti ọdún 1916 kò ṣe iyè méjì: abala 326 nínú rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí gbọ́. Kíkọ ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú bíbéèrè oògùn ikú. Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà gbọ́ ọ̀ràn oníṣègùn kan tí a ti bá wí nítorí pé ó gbà fún obìnrin kan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ilé ẹjọ́ náà dá oníṣègùn náà láre: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè wí pé òun kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ kan tàbí oògùn kan. Nítorí náà ìdílé tí ó bá gbé bàbá wọn kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí bàbá náà ti wí pé ó tó, kò pa á.

Àwa kò fẹ́ òfin ti Leadbeater ní ilẹ̀ yìí. Ìdí wa kò ju ọ̀kan lọ: ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra oògùn ìrora wọn láti inú àpò ara wọn, tí mọ́fíìnì kì í sì í dé gbogbo ilé ìwòsàn, ikú ni yóò jẹ́ ìtọ́jú tí owó rẹ̀ kéré jù. Síbẹ̀ kì í ṣe pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ní Uganda, níbi tí Anne Merriman ti dá hóspíìsì sílẹ̀ ní ọdún 1993, wọ́n ń po mọ́fíìnì lẹ́búlẹ́bú mọ́ omi, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, aláìsàn sì ń mu ún ní ilé ara rẹ̀. Láti ọdún 2004 ni òfin ibẹ̀ ti gba àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn, nítorí oníṣègùn kò kárí. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn ní irú ìtọ́jú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn jẹjẹrẹ ní ilé, ẹ bi oníṣègùn yín ní gbangba: ǹjẹ́ mọ́fíìnì olómi wà? Wákàtí mélòó ni a ó máa fún un? Ta ni a ó pè bí ìrora bá dé lóru? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ bi í ta ni ó ní i. Kí ọ̀kan nínú yín sì jókòó ti aláìsàn náà ní òun nìkan, nígbà tí yàrá bá dákẹ́, kí ó bi í léèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù.